Abúlé Blascaod Mór ní Ilẹ̀ Írẹ́lándì àti Àwọn Òǹkọ̀wé Rẹ̀

Orúkọ Írẹ́lándì kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó pẹ́ tí àwọn àlùfáà àti àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ti ń ti ibẹ̀ wá sí Èkó, sí Ìbàdàn àti sí Èkìtì, tí wọ́n ń dá ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ènìyàn ń gbọ́ lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ sì rò pé èdè náà ni àwọn baba ńlá wọn ń sọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Írẹ́lándì ní èdè tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní Gaelic. Ó ti lé ní 1,200 ọdún tí wọ́n ti ń kọ èdè yìí sílẹ̀, òun sì ni àwọn akéwì ààfin fi ń ki ọba ní ayé àtijọ́, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ náà tán pátápátá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún yóò fi parí, ẹ̀bá òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ni èdè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí gẹ́gẹ́ bí èdè ilé àti èdè iṣẹ́. Láàrin àwọn abúlé tí ó kù sí yìí, kò sí èyí tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ èdè abínibí mọ̀ ju ti Blascaod Mór lọ.

Erékùṣù ni Blascaod Mór, ní ìpínlẹ̀ Kerry, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà márùn-ún, ìbú rẹ̀ kò sì ju bíi kìlómítà kan lọ. Òkè kan ni gbogbo rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn ẹja ńlá, tí téńté rẹ̀ sì ga tó mítà 292. Kò sí igi níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun Àtìláńtíìkì kì í jẹ́ kí igi dìde. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí òkè náà ti ṣíji bo ilẹ̀ díẹ̀, ni abúlé wà, tí ó kọjú sí Dún Chaoin, abúlé tí ó wà ní òdìkejì omi. Omi tí ó wà láàrin wọn kò ju kìlómítà méjì tàbí díẹ̀ lé, ènìyàn sì lè máa wo èéfín ilé aládùúgbò rẹ̀ láti òdìkejì. Ṣùgbọ́n omi tí ó burú ni. Ní 1588, nígbà tí ìjì tú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Sípéènì ká, ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń jẹ́ Santa María de la Rosa rì sí. Nígbà òtútù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó lè dá a láṣà láti kọjá.

Kò sí ilé ìjọsìn ní erékùṣù náà. Kò sí àlùfáà, kò sí dókítà, kò sí ilé ọtí, kò sí ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ Máàsì ní ọjọ́ Ìsinmi yóò wa ọkọ̀ lọ sí Dún Chaoin. Bí òkun kò bá gbà fún un, àwọn ará abúlé yóò gba àdúrà rósárì nínú ilé wọn ní àkókò náà gan-an tí Máàsì ń lọ ní òdìkejì. Òkú náà ń wọ ọkọ̀ ni kí ó tó dé itẹ́ rẹ̀, nítorí ní Dún Chaoin àti ní àgbègbè rẹ̀ ni ilẹ̀ ìsìnkú wà. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kú kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi, àti àwọn àjèjì tí òkun gbé wá sí èbúté, àwọn nìkan ni wọ́n ń sin sí orí erékùṣù.

Ilé wọn kò ga. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọ inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn ilé lè na ọwọ́ kan òrùlé. Òkúta ni ògiri, koríko etí omi ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, adìẹ a sì máa yé ẹyin sínú koríko òrùlé náà. Nínú ilé kan ṣoṣo ni tọkọtaya, ọmọ, màlúù àti adìẹ ń sùn ní alẹ́ ọjọ́ òtútù. Wọn kò ní igi ìdáná, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n ń dá. Èyí lè ya òǹkàwé lẹ́nu. Lórí òkè wọn ni ilẹ̀ dúdú kan wà, tí koríko tí ó ti jẹrà láti ayébáyé kó jọ di ọ̀kan. Wọn a gé e bí ẹni ń gé bíríkì, wọn a sá a kí ó gbẹ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a sì rù ú wálé nínú agbọ̀n méjì, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì. Iná rẹ̀ kì í kú. Ìyálé ilé a fi eérú bò ó ní alẹ́, a sì ṣí i ní òwúrọ̀.

Ànàmọ́ òyìnbó ni oúnjẹ wọn jù lọ, ewéko òkun ni wọ́n sì fi ń jílẹ̀ fún un. Wọ́n ń sin àgùntàn lórí òkè. Wọ́n ń dọdẹ ehoro, wọ́n ń kó ọmọ ẹyẹ òkun ní ẹ̀gbẹ́ àpáta, iṣẹ́ tí ó ti pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹran omi tí à ń pè ní séèlì ni wọ́n ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ sínú àtùpà, wọ́n sì ń jẹ ẹran rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹja ni owó. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, naomhóg ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń to egungun rẹ̀. Lẹ́yìn èyí wọn a fi aṣọ líle bí aṣọ ìgbòkun bò ó, wọn a sì fi ọ̀dà dúdú kun aṣọ náà kí omi má bàa wọlé. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta fi lè dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n gbé e lé èjìká, kí wọ́n sì máa gbé e gun òkè bí kòkòrò dúdú ńlá tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Makẹ́rẹ́lì ni wọ́n ń pa jù lọ, àti edé ńlá inú òkun tí à ń pè ní lọ́bísítà. Àwọn ọkọ̀ Faransé a máa wá ra lọ́bísítà náà lọ́wọ́ wọn lójú omi.

Onílẹ̀ kan ni ó ni erékùṣù náà, Ìjòyè Cork, tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n láti bù, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti gbà. Àwọn akọ́dà a máa wá fi agbára gbà á, àwọn obìnrin a sì máa dúró lórí àpáta tí ó ga sókè èbúté, pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Èbúté náà há, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá rò pé ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń mú obìnrin gbé òkúta, kí ó rántí ìtàn ọdún 1918 ní Ẹ̀gbá àti ti 1947 ní Abẹ́òkúta kan náà. Ìgbà tí ó di 1907 ni ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún àwọn agbègbè tálákà ìwọ̀-oòrùn ra erékùṣù náà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí tún oko pín, kí ilẹ̀ ẹnì kan má ṣe fọ́nká mọ́, ó sì kọ́ ilé tuntun mélòó kan sí apá òkè abúlé.

Wọ́n tún ní ọba. Pádraig Ó Catháin ni ọba ìkẹyìn, ó sì kú ní 1929. Ọba yìí kò dé adé, kò gba owó orí, kò sì ní ẹmẹ̀wà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì láti gbé lẹ́tà wá. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọba ni pé ó gbọ́n, ó ní ìwà, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé rẹ̀ sì ni àlejò ń wọ̀ sí. Ní alẹ́, ilé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń péjọ sí, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ ní Dáil, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ogun àti ti owó ẹja, tí wọ́n ń pa ìtàn Fionn àti àwọn akọni rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú biribiri. Ọ̀rọ̀ dídùn ni ọrọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ í sọ, bí ó ti wù kí ó mọ ọkọ̀ í wà tó, kò kún ojú ìwọ̀n ní abúlé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò dé ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1864 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan sí erékùṣù, lábẹ́ ètò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀ fún gbogbo Írẹ́lándì láti 1831. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Gaelic lọ ní ilé yóò jókòó, yóò sì kọ́ láti ka ohun tí kò yé e. Lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Tomás Ó Criomhthain wà, ọmọ apẹja tí òun náà sì di apẹja. Ó kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Èdè tí ó fi ń ronú, kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Ó ti di àgbàlagbà kí ó tó kọ́ ọ, kì í sì í ṣe olùkọ́ ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí ìjì bá sé e mọ́ Dún Chaoin, a máa dúró ní ilé kan níbẹ̀ títí òkun yóò fi rọlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé náà ń kọ́ Gaelic kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, nítorí òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ díẹ̀. Wọn a ka ìtàn sí i létí títí ó fi wù ú láti gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà nìkan ni ó kù fún un láti mọ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní 1907 Carl Marstrander, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, wá gbé ní erékùṣù fún oṣù mélòó kan láti kọ́ èdè náà bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Òun ni ó darí Robin Flower, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí British Museum, wá sí ibẹ̀ ní 1910. Flower kò sì yé padà wá títí ayé rẹ̀, débi pé erékùṣù náà ni wọ́n tú eérú ara rẹ̀ ká sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1946. Tomás ni olùkọ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó sọ ọ́ di òǹkọ̀wé ni Brian Ó Ceallaigh, ará Killarney, tí ó dé ní 1917. Ó rọ apẹja yìí pé kí ó máa kọ ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀. Tomás kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fẹ́ ka ìtàn òtòṣì apẹja. Ó Ceallaigh wá ka ìwé Maxim Gorky ará Rọ́ṣíà àti ti Pierre Loti ará Faransé fún un, kí ó lè rí i pé ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn òtòṣì àti apẹja ti wọ inú ìwé. Ìgbà náà ni ó gbé kálàmù. Allagar na hInise jáde ní 1928, èyí tí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ abúlé. An tOileánach, tí í ṣe ìtàn ayé rẹ̀ gan-an, tẹ̀lé e ní 1929.

Ẹni tí ó bá ka ìwé kejì yìí yóò ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣe ṣókí nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé. Ọmọ mẹ́wàá ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì sin. Ọ̀kan já bọ́ láti orí àpáta níbi tí ó ti ń wá ọmọ ẹyẹ. Àrùn ọmọdé mú òmíràn lọ. Ọmọkùnrin kan kú sínú òkun ní 1909 níbi tí ó ti fẹ́ gba ọmọbìnrin àlejò kan là. Ní gbólóhùn díẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn kan pe èyí ní líle ọkàn. Ó jọ pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe: irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àgbà ń sọ ní àwùjọ tí gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí ojú olúkúlùkù ti rí irú rẹ̀.

Ìwé méjì mìíràn gbajúmọ̀ láti ibẹ̀. Muiris Ó Súilleabháin ni ó kọ Fiche Blian ag Fás ní 1933. Inú ilé ìtọ́jú ọmọ ní ìlú Dingle ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì gbọ́ nígbà tí wọ́n mú un padà sí erékùṣù. Gaelic tí ó di olókìkí nínú rẹ̀, ẹnu bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ jù lọ. George Thomson, ọ̀mọ̀wé ìmọ̀ Gíríìkì, ni ọ̀rẹ́ tí ó gbà á níyànjú. Èkejì ni ti Peig Sayers, ìyàwó ilé tí wọ́n fẹ́ láti Dún Chaoin. Òun kò lè kọ Gaelic. Ó sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1936. Ìwé Peig yìí di ìwé kíkà tipátipá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Írẹ́lándì fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ẹkún àti àdúrà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n yan ìwé ni èyí, kì í ṣe ẹjọ́ Peig. Àwọn tí wọ́n jókòó tì í lẹ́bàá iná jẹ́rìí pé alápàárá ni, ó lé ní 350 ìtàn tí àwọn olùkójọ ìtàn ìbílẹ̀ gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní àkókò tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń jáde, abúlé tí wọ́n ti wá ń rọ. Èyí ni ó mú kí ìtàn Blascaod yàtọ̀ sí ìtàn àṣeyọrí lásán. Ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, nígbà tí àrùn pa ànàmọ́ òyìnbó ní gbogbo Írẹ́lándì, ti kọ́kọ́ dín wọn kù: àwọn ènìyàn bí 150 tí wọ́n wà níbẹ̀ ní 1841 kò pé 100 mọ́ ní 1851. Wọ́n tún pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ní 1916 wọ́n tó 176, iye tí ó ga jù lọ tí a mọ̀. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní gbé owó ẹja ga, ọkọ̀ ẹrù kan tí ń jẹ́ Quebra sì fọ́ sí àpáta wọn ní ọdún kan náà, tí òwú àti oríṣiríṣi ọjà fi kún etí omi. Ogun parí, owó ẹja wálẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń lo ẹ̀rọ ń kó ẹja lọ ní ojú wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Amẹ́ríkà, pàápàá sí ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ẹnì kan a lọ, a ṣiṣẹ́, a sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, wọn a ṣe ohun tí àwọn ará Írẹ́lándì ń pè ní àìsùn Amẹ́ríkà: ijó àti orin mọ́jú, pẹ̀lú ẹkún, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ṣe àìsùn òkú, nítorí ìyá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má tún fi ojú kan ọmọ náà mọ́. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n tètè lọ jù. Àwọn tí ó kù ní òdìkejì kò fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn ní ìyàwó wá sí erékùṣù. Abúlé wá kún fún àpọ́n. Ní 1941 wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, nítorí kò sí ọmọ tí yóò jókòó sínú rẹ̀ mọ́.

Ìjọba kò sí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní ìgbà yìí. Írẹ́lándì ti ń ṣàkóso ara rẹ̀ láti 1922. Òfin ìpìlẹ̀ 1937 sọ Gaelic di èdè àkọ́kọ́ ti orílẹ̀-èdè. Ọmọ Dublin tí kò gbọ́ èdè náà ní ilé ń kọ́ ọ ní tipátipá, akọ̀wé ìjọba ń yege ìdánwò rẹ̀ kí ó tó rí iṣẹ́. Éamon de Valera, olórí ìjọba, jẹ́ ẹni tí ó kọ́ Gaelic dàgbà, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní láti kọ́ èdè náà, tí wọ́n mu ún mọ́ ọmú, kò ní èbúté tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ ìjì, kò ní nọ́ọ̀sì, kò ní àlùfáà. Owó wà fún ìwé ìdánwò. Ó ṣòro láti má ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní òpin 1946, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ọdún 24 lọ dùbúlẹ̀ àìsàn ní erékùṣù. Òkun ru, ẹ̀rọ tẹlifóònù tí ìjọba gbé síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kò sì sí dókítà tí ó lè kọjá. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January 1947. Yírunyírun ni ó pa á. Ọjọ́ mélòó kan sì tún kọjá kí wọ́n tó lè gbé òkú rẹ̀ lọ sí òdìkejì fún ìsìnkú. Ikú yìí ni ó ṣẹ́ wọn ní apá. Ní oṣù April ọdún kan náà, wọ́n tẹ wáyà sí de Valera pé ìjì ti sé àwọn mọ́, pé kò sí oúnjẹ. Oúnjẹ dé. Ní oṣù July, de Valera fúnra rẹ̀ wá sí erékùṣù, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní Gaelic. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò pọ̀: kí ìjọba kó àwọn kúrò, kí ó fún àwọn ní ilé àti ilẹ̀ díẹ̀ ní Dún Chaoin. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ilé-iṣẹ́ ìjọba kan dé òmíràn fún ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù November 1953 ni ọkọ̀ wá kó wọn. Àwọn 22 ni wọ́n kù. Òkun kò tù wọ́n lójú ní ọjọ́ náà pàápàá, kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù wọn tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń padà lọ sí erékùṣù nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára láti bójú tó àgùntàn wọn.

Tomás kò rí ọjọ́ náà, nítorí ó ti kú ní 1937. Muiris ti di ọlọ́pàá ní Connemara, ibẹ̀ ni ó sì ti kú sínú omi níbi tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní 1950. Peig ti padà sí Dún Chaoin láti 1942, ojú rẹ̀ sì fọ́ kí ó tó kú ní ilé ìwòsàn Dingle ní 1958. Dún Chaoin ni wọ́n sin ín sí, ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ní ibi tí ẹni tí ó bá dúró ti ibojì rẹ̀ yóò ti máa wo erékùṣù náà lókèèrè, àti àwọn ògiri òkúta tí kò ní òrùlé mọ́.